Ìjà tó ń dọlà: Ìdí tí àwọn fásitì Amẹ́ríkà fi ń san mílíọ̀nù dọ́là fún akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n ti lé lọ

Lọ́jọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, fásitì ìpínlẹ̀ Louisiana, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí LSU, gbaṣẹ́ lọ́wọ́ Brian Kelly, akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ American football wọn. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni Texas A&M wá bá wọn nílé, tó sì fàgbà hàn wọ́n pẹ̀lú àmì ayò 49 sí 25.

Ọwọ́ òfìfo kọ́ ni Kelly bá lọ. Ọdún mẹ́wàá ni àdéhùn iṣẹ́ tó tọwọ́ bọ̀ ní 2021, ó sì ṣì ku ọdún mẹ́fà. Owó gbà-má-bínú tó tọ́ sí i tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 54 dọ́là.

Ká tó wí ká tó fọ̀, gómìnà ìpínlẹ̀ náà ti dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá ti kúrò níṣẹ́, LSU sì ti lọ mú akọ́nimọ̀ọ́gbá aládùúgbò wọn nígbà tí sáà ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Nínú bọ́ọ̀lù fásitì Amẹ́ríkà, ìjà ń dọlà dáadáa. Ohun tí àwọn alátìlẹyìn ń bèèrè ni pé ta ló ń kó ọlà náà relé, ta ló sì ń san án?

Irú bọ́ọ̀lù wo rèé?

American football yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní Èkó, Cotonou tàbí Accra. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ gùn bí ẹyin. Ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi gbé e sáré tàbí fi jù ú, èèyàn mọ́kànlá mọ́kànlá ló sì ń kojú ara wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbá a fún fásitì, ọjọ́ Sátidé ló sì máa ń wáyé jù, láti ìparí oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀lé e.

Ẹni tó bá rò pé eré ọmọ ilé ìwé lásán ni, kó wo pápá ìṣeré wọn. Pápá ìṣeré Moshood Abiola ní Àbújá ń gba nǹkan bíi 60,000 èèyàn. Ti fásitì Michigan ń gba ju 107,000 lọ. Ti Ohio State àti ti LSU, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ju 102,000 lọ.

Ìpínlẹ̀ Alabama àti Mississippi ò ní ikọ̀ kankan nínú NFL, ìyẹn líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe. Ikọ̀ fásitì ni wọ́n ní. Ẹni tí kò wọ kíláàsì níbẹ̀ rí a máa pe ikọ̀ náà ní "tiwa", nítorí pé ohun tó bá lẹ́nu bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Nǹkan míì tún wà. Ìdíje 12 péré ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń gbá kó tó kan ìdíje ife ẹ̀yẹ, nígbà tí ikọ̀ Premier League ní England máa ń gbá 38. Ìdí nìyí tí ìjákulẹ̀ ọjọ́ kan fi máa ń dà bí ọ̀fọ̀ láàárín ìlú.

Aládùúgbò ni òṣùwọ̀n

Ìjà Ohio àti Michigan ti wà kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ní 1835, àwọn méjèèjì kó ọmọ ogun síta nítorí ìlú Toledo àti ilẹ̀ tó yí i ká. Ohio ló gba Toledo. Wọ́n fún Michigan ní ilẹ̀ mìíràn lápá àríwá, ó sì di ìpínlẹ̀ ní 1837.

Fásitì méjèèjì kọ́kọ́ kojú ara wọn lórí pápá ní 1897. Lónìí, "The Game" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìdíje náà, bí ẹni pé kò sí ìdíje mìíràn láyé. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà láàárín Hearts of Oak àti Asante Kotoko ní Ghana kò ní bèèrè pé kí ló fà á.

John Cooper ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Ohio State láti 1988 sí 2000, ó sì borí nínú ìdíje 111. Ṣùgbọ́n nínú ìgbà 13 tó kojú Michigan, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló borí. Wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì fìdí rẹmi nígbà mẹ́wàá. Ìgbà mẹ́wàá yẹn ló wà lẹ́nu àwọn alátìlẹyìn nígbà tí wọ́n lé e lọ ní oṣù Kìíní 2001.

Jim Tressel tó rọ́pò rẹ̀ kò tíì darí ìdíje kankan tó fi dìde níwájú èrò, tó sì ṣèlérí pé orí wọn yóò wú nítorí àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn ọjọ́ 310, ní Ann Arbor tó jẹ́ ìlú fásitì Michigan. Kò sọ pé òun yóò gba ife ẹ̀yẹ. Aládùúgbò nìkan ló dárúkọ, ariwo sì sọ. Nígbà tí ọjọ́ pé, Ohio State borí.

Ti Ryan Day ló yani lẹ́nu jù. Lọ́jọ́ 30, oṣù Kọkànlá, 2024, Michigan na Ohio State mọ́lé pẹ̀lú àmì ayò 13 sí 10. Ìgbà kẹrin léraléra tí Day ń fìdí rẹmi níwájú Michigan nìyẹn. Ọ̀pọ̀ alátìlẹyìn ní kí wọ́n lé e lọ lójú ẹsẹ̀. Fásitì kò gbọ́ tiwọn. Lẹ́yìn ọjọ́ 51, lọ́jọ́ 20, oṣù Kìíní, 2025, Day àti àwọn ọmọ rẹ̀ na Notre Dame ní 34 sí 23, wọ́n sì di olúborí gbogbo Amẹ́ríkà.

Ká ní wọ́n ti lé e ni, owó gbà-má-bínú ni wọn ì bá máa kà nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń gbé ife.

Báwo ni owó náà ṣe ń ga tó báyìí?

Ìbẹ̀rù aládùúgbò ló ń gbé owó náà sókè. Tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í borí, orúkọ rẹ̀ á máa jáde pé fásitì mìíràn ń wá a. Aṣojú rẹ̀ á lọ bá àwọn ọ̀gá fásitì pé kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ńlá ló jẹ́ pé aṣojú kan náà, Jimmy Sexton, ló ń bá wọn dúnàá dúrà. Fásitì á wá fi ọdún kún àdéhùn náà, á fi owó kún un, á sì fọwọ́ sí i pé bí òun bá lé ọkùnrin náà lọ kí àdéhùn tó parí, òun yóò san èyí tó kù.

Ní 2017, Texas A&M fún Jimbo Fisher ní àdéhùn ọdún mẹ́wàá tó jẹ́ mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ní 2021, wọ́n tún fi kún un, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò tíì gba ife olúborí orílẹ̀-èdè fún wọn. Nígbà tí wọ́n lé e lọ ní oṣù Kọkànlá 2023, owó tí wọ́n jẹ ẹ́ lé ní mílíọ̀nù 75. Àdéhùn rẹ̀ kò sì sọ pé owó náà yóò dín kù bó bá ríṣẹ́ síbòmíràn.

Àdéhùn àwọn mìíràn sọ bẹ́ẹ̀. Penn State gbaṣẹ́ lọ́wọ́ James Franklin ní oṣù Kẹwàá 2025, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 49. Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀lé e, Virginia Tech ti gbà á síṣẹ́, ohun tó kù tí Penn State yóò san sì dín kù púpọ̀.

Ní ti LSU, ẹni tó na ọmọ wọn ni wọ́n lọ fi owó fà wálé. Lọ́jọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, 2025, Lane Kiffin kó ikọ̀ Ole Miss láti ìpínlẹ̀ Mississippi pàdé LSU, ó sì borí ní 24 sí 19. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 30, oṣù Kọkànlá, LSU kéde pé Kiffin ti di tiwọn, pẹ̀lú àdéhùn ọdún méje tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 dọ́là lọ́dún.

Ìjà LSU àti Ole Miss kì í ṣe ti àná. Títí di òní ni àwọn ará Louisiana ṣì ń sọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 1959, nígbà tí Billy Cannon gbé bọ́ọ̀lù sáré yáàdì 89 láàárín àwọn ọmọ Ole Miss, tí LSU sì borí ní 7 sí 3. Nítorí náà, lójú ará Mississippi, ẹni tó bọ́ sí LSU ti ré kọjá sọ́dọ̀ ọ̀tá.

Kí ló kan gómìnà níbẹ̀?

Fásitì ìjọba ni LSU, gómìnà ló sì ń yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ alábòójútó rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n lé Kelly ni gómìnà Jeff Landry sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ó ní Scott Woodward, tó jẹ́ adarí ẹ̀ka eré ìdárayá LSU nígbà náà, kọ́ ni yóò yan akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kí Ààrẹ Donald Trump yàn án jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní ìdí. Woodward yìí kan náà ló wà ní Texas A&M nígbà tí wọ́n fún Fisher ní àdéhùn 2017, òun náà ló sì gba Kelly wá sí LSU. Lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ gómìnà, Woodward kúrò nípò.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Louisiana. Huey Long, tó jẹ́ gómìnà kó tó di sẹ́nétọ̀, máa ń ṣe bí ẹni pé òun ló ni ikọ̀ LSU. Ní oṣù Kejìlá 1934, ó fẹ́ wọ yàrá àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà ìsinmi ìdajì eré, nígbà tí wọ́n ń kojú Oregon. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Biff Jones kọ̀ jálẹ̀. Àwọn méjèèjì tahùn síra wọn, Jones sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. LSU ló borí lọ́jọ́ náà ní 14 sí 13.

Lójú àwọn alátìlẹyìn kan, gómìnà Landry sọ òótọ́: owó tó wà nínú àwọn àdéhùn yìí ti pọ̀ jù. Àwọn mìíràn ní òṣèlú kò gbọdọ̀ wọ pápá, nítorí pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù gómìnà kò ní lè dá ìpinnu ṣe. Níbi púpọ̀, orí tíkẹ́ẹ̀tì, owó ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti ọrẹ àwọn olówó ni owó gbà-má-bínú ti ń wá, kì í ṣe owó orí tààrà. Síbẹ̀, owó tí olówó bá fi lé ẹnìkan lọ kò ní sí mọ́ láti fi kọ́ yàrá ìwádìí tàbí láti fi ran akẹ́kọ̀ọ́ aláìní lọ́wọ́.

Níkẹyìn, àríwísí gómìnà kò mú kí owó wálẹ̀. Kiffin ń gba ju Kelly lọ lọ́dún.

Ọ̀gá lọ, àwọn ọmọ ńkọ́?

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni ó ti kan ọ̀pọ̀ ìdílé ọmọ Áfíríkà, torí pé orúkọ Yorùbá kò ṣàjèjì lẹ́yìn aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù fásitì Amẹ́ríkà. Adewale Ogunleye gbá a fún Indiana, Dayo Odeyingbo fún Vanderbilt, Boye Mafe fún Minnesota, Olu Fashanu fún Penn State. Gbogbo wọn ló dé NFL.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló máa ń wá sí ilé òbí, tó máa ń jókòó sórí àga wọn, tó sì máa ń ṣèlérí pé òun yóò tọ́jú ọmọ wọn. Tí wọ́n bá lé e lọ, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ bá gba iṣẹ́ tó lówó jù, ìlérí náà bá a lọ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀ rí, ọmọ tó bá fẹ́ lọ sí fásitì mìíràn sábà máa ń fi odindi ọdún kan jókòó láìgbá bọ́ọ̀lù, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ kejì. Ọdún 2021 ni òfin yẹn yí padà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbà kí àwọn ọmọ máa fi orúkọ àti àwòrán wọn pawó.

Olusegun Oluwatimi wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀. Fásitì Virginia ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Bronco Mendenhall kéde ní oṣù Kejìlá 2021 pé òun ń fipò sílẹ̀. Oluwatimi gba Michigan lọ. Òun ló wà láàárín gbùngbùn ìlà iwájú, ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Michigan lọ na Ohio State mọ́lé ní 45 sí 23 ní 2022. Lọ́dún yẹn, ó gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington, tí wọ́n ń fún àwọn tó dára jù nínú irú iṣẹ́ tó ń ṣe, kí Seattle Seahawks tó mú un sí NFL ní 2023.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun bá dé, ó lè kó àwọn tó mọ̀ wá, kí ẹni tó ti wà níbẹ̀ sì di ẹni ẹ̀yìn. Ọmọ tó bá kó ẹrù lọ síbòmíràn lè pàdánù díẹ̀ nínú àwọn kọ́ọ̀sì tó ti ṣe, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì lè pẹ́.

Láti sáà 2025, lẹ́yìn ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà ọdún náà, fásitì lè san owó fún àwọn eléré wọn tààrà. Èyí tó pọ̀ jù tí fásitì kan lè san fún gbogbo eléré rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn ni nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là. Owó tó tọ́ sí Kelly nìkan kí ó má ṣiṣẹ́ mọ́ ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ iye yẹn lọ.

Nígbà tí alátakò fúnra rẹ̀ bá kó lọ

Owó ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tún ti tú àwọn aládùúgbò ká. Ní 2024, Texas àti Oklahoma fi líìgì Big 12 sílẹ̀ lọ sí SEC. USC, UCLA, Oregon àti Washington, tí wọ́n wà létí òkun Pàsífíìkì, wọ Big Ten, tó ti bá Fox, CBS àti NBC ṣe àdéhùn tó lé ní bílíọ̀nù méje dọ́là. Báyìí, UCLA láti California wà ní líìgì kan náà pẹ̀lú Rutgers ní New Jersey, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè náà.

Oklahoma àti Oklahoma State, tí wọ́n ti ń pàdé lọ́dọọdún láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wọn, gbá èyí tó kẹ́yìn ní 2023. Oklahoma State borí ní 27 sí 24, kò sì sí ọjọ́ kankan fún ẹ̀san.

Texas àti Texas A&M fi ọdún 13 yẹra fún ara wọn, láti 2011 di 2024, nítorí pé A&M ti lọ sí SEC ṣáájú. Nígbà tí wọ́n tún pàdé, Texas borí ní 17 sí 7. Ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n pínyà ti dàgbà tó láti jáde ní fásitì.

Ẹ̀dùn ọkàn alátìlẹyìn níbí ni pé ìjà àdúgbò ló sọ bọ́ọ̀lù yìí di ohun tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ń fi bílíọ̀nù rà, ìjà àdúgbò yẹn gan-an sì ni owó náà ń fọ́.

Ṣé sùúrù lérè?

Àpẹẹrẹ wà fún ẹni tó bá fẹ́ fi sùúrù ṣe é. Láti sáà 1999 ni Kirk Ferentz ti wà ní fásitì Iowa. Kò gba ife olúborí orílẹ̀-èdè rí, àwọn ọdún kan sì wà tí ariwo pọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n fásitì náà kò tíì fi owó gbà-má-bínú wá ẹlòmíràn.

Ole Miss náà kọ́ àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ kan. Nígbà tí Kiffin lọ, ikọ̀ náà ti borí nínú ìdíje 11 nínú 12, ìdíje ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè sì ń dúró dè wọ́n. Kiffin fẹ́ darí wọn títí dé òpin, fásitì ní rárá. Wọ́n gbé ikọ̀ náà fún Pete Golding, tó ti ń bá Kiffin ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ náà na Tulane, wọ́n na Georgia, kí Miami tó dá wọn dúró ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Kò sí ikọ̀ Ole Miss kankan tó dé ibẹ̀ rí láti ìgbà tí irú ìdíje yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè rọ́pò akọ́nimọ̀ọ́gbá olówó ńlá yóò ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

LSU àti Ole Miss yóò tún pàdé ní sáà 2026. Ariwo ọjọ́ náà kò ní kéré, tíkẹ́ẹ̀tì yóò sì wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà, àwọn kan nínú alátìlẹyìn rẹ̀ yóò ti máa bèèrè kí ilẹ̀ tó ṣú pé èló ni yóò ná wọn láti lé ọ̀gá tuntun yìí lọ.